Ta Ló Yọ́ Gíláàsì Yìí?

Ẹni tó ti kú láti bí ẹgbẹ̀rin ọdún, tí kò sẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀ mọ́, tí kò sí agbo ilé tó ń pe ara wọn ní ọmọ rẹ̀, ǹjẹ́ a lè ṣẹ̀ ẹ́? Mo gbà pé a lè ṣẹ̀ ẹ́. Mo sì gbà pé ọ̀pọ̀ èèyàn ti ṣẹ̀ ẹ́, àwọn ọ̀mọ̀wé wà nínú wọn, àwa ọmọ ilẹ̀ yìí náà wà nínú wọn, lórí ohun tí kò tóbi ju ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn lọ.

Kẹ́místrì ni mo kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé girama ní Ilé-Ifẹ̀ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ìyá mi ní tirẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ ló tà títí dọjọ́ alẹ́. Iyùn, ṣẹ̀gi, àkún, lágídígba, títí dé àwọn wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe adé, kò sí èyí tí kò gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Ẹni tó bá fẹ́ ra ṣẹ̀gi kì í wo ojú ìlẹ̀kẹ̀ nìkan, á bi í pé, "Ìyá, ti ibo ni?" Bí ìyá mi bá mọ̀, á sọ. Bí kò bá mọ̀, á ní òun kò mọ̀, kódà bó ṣe pé irọ́ kékeré kan péré ni ìbá mú ọjà náà tà. Èmi tí mo jókòó tì í tí mo ń bá a sín ìlẹ̀kẹ̀, n kò rí ìdí rẹ̀ nígbà náà. Ẹ̀yìn ikú rẹ̀ ni àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìlẹ̀kẹ̀ ìyá wọn àti ti ìyá-ìyá wọn wá bá mi, pé èmi ọmọ onílẹ̀kẹ̀ tó tún mọ kẹ́místrì, kí n bá àwọn wò ó. Ìgbà náà ló yé mi pé ẹ̀rí ni ìyá mi ń jẹ́ lórí ìsọ̀ rẹ̀, ẹ̀rí nípa ẹni tí kò sí níbẹ̀ láti sọ tẹnu ara rẹ̀.

Ẹnu ihò ìlẹ̀kẹ̀ ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀. Mo ní awò kékeré kan tó ń mú nǹkan tóbi lójú, mo sì ní tọ́ọ̀ṣì. Nínú gíláàsì àtijọ́, afẹ́fẹ́ máa ń há sí i, á ṣe róbótó-róbótó. Bí àwọn róbótó yẹn bá nà gbọọrọ, tí wọ́n tò tẹ̀lé ihò láti orí dé ìdí, a jẹ́ pé wọ́n fa gíláàsì náà gùn nígbà tó gbóná, kí wọ́n tó gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Bí wọ́n bá yí ihò po, ọ̀pá irin ni wọ́n wé gíláàsì rírọ̀ mọ́. Bí mo bá rí ilà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gba ẹ̀gbẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ lọ, ojú ibi tí irin méjì ti pàdé nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ nìyẹn, ọkàn mi á sì lọ sí Bòhímíà, ilẹ̀ tó di ti àwọn Czech lónìí, ní agbègbè ìlú Jablonec. Èyí tí ara rẹ̀ rí hákahàka, tí ìmọ́lẹ̀ kò là á kọjá, ti àwọn Krobo ní Gánà ni lọ́pọ̀ ìgbà. Ìgò ni wọ́n ń gún kúnná, wọ́n á dà á sínú amọ̀ tí wọ́n ti dá ihò sí, wọ́n á ki ọ̀pá ewé ẹ̀gẹ́ bọ àárín rẹ̀. Iná á jó ọ̀pá ewé náà di eérú, ihò ìlẹ̀kẹ̀ ló máa ṣẹ́ kù.

Ṣẹ̀gi àtijọ́ kan wà tí kì í jẹ́ kí n tètè dìde nídìí iṣẹ́. Bó bá wà lórí aṣọ, àwọ̀ aró ni. Bí mo bá gbé e dojú kọ oòrùn kí ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá, ó di àwọ̀ ewé tó ń lọ sí ìyeyè. Ìlẹ̀kẹ̀ kan, àwọ̀ méjì. Mo máa ń yí i síhìn-ín yí i sọ́hùn-ún fún àwọn tó ni ín, wọ́n á sì gbà á lọ́wọ́ mi láti yí i fúnra wọn. Mo ti rí àgbàlagbà tó wọ ìlẹ̀kẹ̀ yìí láti ìgbà omidan rẹ̀ tí kò mọ̀ pé ó ní àwọ̀ kejì. Àwọn Potogí tó ń rajà létí odò Forcados ní nǹkan bí ọdún 1500 ti mọ irú ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ aró kan láti apá ibí yìí. Ọ̀kan nínú wọn, Duarte Pacheco Pereira, kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní coris. Elmina, ní ilẹ̀ tó ń jẹ́ Gánà lónìí, ni wọ́n ń gbé e lọ, wọ́n á sì fi gba wúrà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ojú ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ojú lè sọ bí wọ́n ṣe ṣe ìlẹ̀kẹ̀, kò lè sọ ibi tí wọ́n ti yọ́ gíláàsì rẹ̀. Inú gíláàsì fúnra rẹ̀ ni ìdáhùn ìyẹn wà, nínú ohun tí ẹni tó yọ́ ọ bù lórí ilẹ̀ tirẹ̀. Láyé àtijọ́, àwọn ará Venice ń lo òkúta wẹ́wẹ́ funfun inú odò, wọ́n ń pò ó mọ́ eérú ewéko tí ọkọ̀ ojú omi ń kó wá láti ìhà Síríà. Àwọn Bòhímíà ń lo eérú igi inú igbó wọn. Aluminium inú gíláàsì àwọn wọ̀nyí kò tó nǹkan. Ti Ifẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀: èròjà calcium àti ti aluminium pọ̀ nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ju ìdá 10 nínú 100 lọ. Ara akọ òkúta ilẹ̀ wa ni yanrìn tó ní irú aluminium bẹ́ẹ̀ ti ń wó sílẹ̀. Lónìí, ẹ̀rọ kan wà tó ń fi laser bu ìwọ̀nba bíńtín tí ojú lásán kò lè rí lára ìlẹ̀kẹ̀, á sì ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ṣe ìlẹ̀kẹ̀ kò kọ orúkọ sí i lára, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ìlú rẹ̀ wà nínú rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì lè pa ìyẹn rẹ́.

Ohun tó ń dùn mí nìyí: kí ẹ̀rọ tó dé, àwọn èèyàn ti dájọ́.

Ní ìparí ọdún 1910 ni Leo Frobenius, ará Jámánì, dé Ilé-Ifẹ̀. Ó gbẹ́ ilẹ̀ ní Igbó Olókun, lápá àríwá ìlú, níbi tí àwọn ọmọ Ifẹ̀ ti ń wa ilẹ̀ tipẹ́tipẹ́ nítorí ìlẹ̀kẹ̀ tó wà nínú rẹ̀. Ó rí ìkòkò amọ̀ tí gíláàsì dì mọ́ wọn nínú. Ó rí ìlẹ̀kẹ̀. Ìkòkò rèé, gíláàsì rèé, ilẹ̀ tí wọ́n ti jáde rèé. Kí ló wá kọ sínú ìwé rẹ̀? Ó ní ọgbọ́n Atlantis ló ṣẹ́ kù síbẹ̀, ìlú tí wọ́n ní òkun gbé mì. Ó ní Olókun tí à ń wí yìí, Poseidon òrìṣà òkun àwọn Gíríkì ni. Kì í ṣe pé ọkùnrin yìí kò rí nǹkan. Ó rí i dáadáa, ó sì yìn ín. Ìyìn náà ni kò fẹ́ fún ẹni tó ni ín, ó wá lọ wá ẹni tí kò sí láyé rí láti gbé e fún.

Àwọn tó wá lẹ́yìn rẹ̀ kò dárúkọ Atlantis mọ́. Tiwọn rọ̀ ju ìyẹn lọ. Wọ́n ní lóòótọ́ ni àwọn ará Ifẹ̀ mọ bí a ti ń yọ́ gíláàsì, ṣùgbọ́n gíláàsì ẹlòmíràn ni wọ́n ń yọ́, èyí tí àwọn oníṣòwò kó wá láti ilẹ̀ Lárúbáwá tàbí Yúróòpù. Irú ọ̀rọ̀ báyìí ṣòro láti já ní koro, torí ó fẹ̀gbẹ́ kan òtítọ́: gíláàsì òkèèrè wọ ilẹ̀ yìí lóòótọ́. Ó gba ọ̀pọ̀ ọdún kí ẹnì kan tó béèrè pé, bó bá jẹ́ gíláàsì wọn ni, kí ló dé tí irú èròjà bẹ́ẹ̀ kò sí nínú gíláàsì tiwọn nílé?

Ní ọdún 2006, àwọn ọ̀mọ̀wé mẹ́ta, James Lankton, Akin Ige àti Thilo Rehren, tẹ̀ ẹ́ jáde pé gúúsù Nàìjíríà níbí ni wọ́n ti pilẹ̀ yọ́ gíláàsì náà. Ige yìí, onímọ̀ ilẹ̀ àti òkúta ni nígbà náà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, nínú ìlú Ifẹ̀ kan náà. Lẹ́yìn náà, awalẹ̀pìtàn Abidemi Babatunde Babalola gbẹ́ Igbó Olókun ní 2011 àti 2012. Ìlẹ̀kẹ̀ tó kó jáde ju 12,000 lọ. Àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi yọ́ gíláàsì ju 800 lọ. Iṣẹ́ náà wà láàárín ọ̀rúndún 11 sí 15. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi mí léèrè, kì í ṣe ìlẹ̀kẹ̀ wọ̀nyẹn ló dá mi lójú jù, ìdọ̀tí iṣẹ́ tó bá wọn jáde ni: gíláàsì tó kán sílẹ̀, èyí tó bàjẹ́, èyí tó dì mọ́ ẹnu ìkòkò. Èèyàn lè gbé ìlẹ̀kẹ̀ rin ìrìn oṣù. Kò sí ẹni tó ń di ìdọ̀tí ẹrù ràkúnmí. Ìlẹ̀kẹ̀ irú gíláàsì yìí sì ti jáde nínú ilẹ̀ ní Gao ní Màlì. Ọ̀nà tí wọ́n ní gíláàsì gbà wọlé wá bá wa ni tiwa gbà jáde lọ bá wọn.

Nínú òfin mẹ́wàá tí wọ́n kọ́ wa ní ilé ìwé Ọjọ́ Ìsinmi, èyí tó ka ẹ̀rí èké sí ọmọnìkejì léèwọ̀ ni mo máa ń so mọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ta wá ni ọmọnìkejì mi? Amòfin kan bi Jésù ní ìbéèrè yẹn, ìtàn ni ó fi dá a lóhùn, ìtàn ẹni tí àwọn olè lù tí wọ́n fi sílẹ̀ lójú ọ̀nà Jẹ́ríkò. Ẹ padà lọ kà á. Ọkùnrin tí wọ́n lù yẹn kò ní orúkọ. Ará Samáríà náà kò béèrè orúkọ rẹ̀ kó tó da òróró sí i lọ́gbẹ́. Àìmọ orúkọ kò yọ èèyàn kúrò nínú ọmọnìkejì wa. Ẹni tó wọ oko olóko lóru tó wa iṣu rẹ̀, bí kò bá tiẹ̀ mọ olóko rí, olè náà ni.

Díákónì kan nínú ìjọ wa, ẹni tí mo bọ̀wọ̀ fún, kò gbà pẹ̀lú mi. Ó rán mi létí ohun tí ìwé Oníwàásù sọ nípa àwọn òkú, pé ìmọ̀ wọn ti pin. "Màmá," ó ní, "ẹni tí kò lè gbọ́ pé wọ́n parọ́ mọ́ òun, ibo ni irọ́ náà ti fẹ́ dùn ún?" Ọ̀rọ̀ tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni, n kò sì fẹ́ fi ọwọ́ gbá a dànù. Mo bi í pé, bí wọ́n bá ba ẹnì kan lórúkọ jẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, tó sì kú láì gbọ́ rárá, ṣé wọn kò ṣẹ̀ ẹ́ ni? Ó ní wọ́n ṣẹ̀ ẹ́. Mo ní, ṣé ó dùn ún? Ó ní rárá, kò mọ̀. A jẹ́ pé ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n ṣẹ̀ èèyàn, ọ̀tọ̀ ni kó dùn ún. Mo tún ní, bí mo bá ṣèlérí fún ìyá mi lórí àkéte ikú pé n kò ní ta ilé rẹ̀, tí mo tà á lọ́sẹ̀ kejì tí a sin ín, ta ni mo dalẹ̀? Kì í ṣe aládùúgbò. Kì í ṣe àwọn àbúrò mi nìkan. Ìyá mi ni mo dalẹ̀, bó tilẹ̀ wà nínú ilẹ̀. Díákónì dákẹ́ díẹ̀, ó ní òun á lọ gbàdúrà sí i. Mo mọ̀ pé á gbàdúrà sí i lóòótọ́, irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ni.

Ohun tó kọ́kọ́ fẹ́ dí mi lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí yàtọ̀ sí ti díákónì. Mo máa ń rò ó pé bóyá àwọn oníṣẹ́ gíláàsì yẹn kò tiẹ̀ wá òkìkí. Wọn kò fi àmì sára ìkòkò wọn. Bóyá inú wọn ìbá dùn bí iṣẹ́ wọn bá ti lè dé ọrùn ọba. Kí wá ni wọ́n gbà lọ́wọ́ wọn? Bí mo bá fi ojú tíṣà kẹ́místrì wò ó, ó máa ń hàn sí mi. Yanrìn nìkan kì í yọ́ àyàfi kí iná sún mọ́ 1,700 lórí ìwọ̀n Celsius, kò sì sí ẹwìrì ayé ìgbà náà tó lè débẹ̀. Ohun mìíràn gbọ́dọ̀ wọ inú yanrìn tí yóò mú kó gbà láti rọ̀ ní iná tó kéré sí ìyẹn. Ẹnì kan ló wá ohun náà rí. Ẹnì kan dán eérú wò, ó dán òkúta lílọ̀ wò, ó dán yanrìn odò yìí àti yanrìn odò tọ̀hún wò, ó rí èyí tó di àpólà dúdú tí kò wúlò, ó rí èyí tó fọ́ bó ti ń tutù. Ó tún gbọ́dọ̀ wá irú amọ̀ tí yóò dúró nínú iná tó ju 1,000 lọ láì yọ́ pẹ̀lú ohun tó wà nínú rẹ̀, torí bí ìkòkò bá là, gbogbo iṣẹ́ ọjọ́ yẹn ti bá ilẹ̀ lọ. Lẹ́yìn èyí ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá àwọ̀: cobalt díẹ̀ fún àwọ̀ aró, díẹ̀ gan-an, bó bá pọ̀ jù ó di dúdú. Ó mú ojú rẹ̀ mọ àwọ̀ iná, torí kò sí ohun tí wọ́n fi ń wọn ooru. Ó kọ́ ọmọ rẹ̀ tàbí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ìyẹn kọ́ ẹlòmíràn, wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ìran.

Ohun tí Frobenius gbà lọ́wọ́ wọn nìyẹn. Kì í ṣe òkìkí. Òye ni, àti sùúrù, àti gbogbo ìgbà tí iṣẹ́ bàjẹ́ tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ní Atlantis ló ṣe é, gbogbo òwúrọ̀ tí ẹnì kan jí lọ sídìí iná yẹn di ohun tí kò ṣẹlẹ̀. N kò mọ ẹ̀rí èké tó burú ju kí á jẹ́rìí pé ẹnì kan kò ronú rí.

Àwọn kan á sọ pé Ọlọ́run mọ̀ wọ́n, ó tó. Ọlọ́run mọ̀ wọ́n, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí Ọlọ́run ṣe nínú ìwé Ẹ́kísódù nígbà tó fẹ́ kí wọ́n ṣe àgọ́ rẹ̀. Ó sọ fún Mósè pé òun ti fi ẹ̀mí òun kún ẹnì kan, òun ti fún un ní ọgbọ́n iṣẹ́ wúrà, fàdákà, òkúta àti igi. Ọgbọ́n náà ti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run wá, kò sí iyèméjì. Síbẹ̀ orúkọ oníṣẹ́ ọnà náà wọ ìwé: Besaleli, ọmọ Uri, ti ẹ̀yà Júdà. Orúkọ ẹni tó ràn án lọ́wọ́ náà wọ̀ ọ́: Oholiabu, ti ẹ̀yà Dánì. Bó bá jẹ́ pé kí a pa oníṣẹ́ rẹ́ ni a fi ń bọlá fún Ẹlẹ́dàá, ibẹ̀ yẹn ni ìbá ti hàn, nínú àgọ́ Ọlọ́run fúnra rẹ̀.

Èyí ló gbé mi dé ọ̀rọ̀ Olókun, tí àwọn kan nínú ìjọ wa kò fẹ́ kí n máa dá sí. Ìtàn Ifẹ̀ kan sọ pé aya Odùduwà ni Olókun, obìnrin ọlọ́rọ̀ tí kò bímọ, ìlẹ̀kẹ̀ sì ni ọrọ̀ rẹ̀. Mo ti gbọ́ kí ọ̀mọ̀wé kan sọ pé òrìṣà ló bo orúkọ àwọn oníṣẹ́ mọ́lẹ̀, pé ìgbà tí a ti sọ ibi iṣẹ́ di ojúbọ ni a ti gbàgbé àwọn tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀. N kò gbà á tán. Orúkọ wọn sọnù lóòótọ́, ìyẹn sì jẹ́ àdánù. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí ìtàn yẹn sọ: ó ní ìlẹ̀kẹ̀ ti inú ìlú yìí jáde, láti ọwọ́ obìnrin ìlú yìí, kì í ṣe láti òkè òkun. Kí ẹ̀rọ kankan tó wọn gíláàsì wò, ìtàn ti sọ èyí tó sún mọ́ òtítọ́ jù. Frobenius gbọ́ nípa Olókun, ó sì yí i padà di Gíríkì. Mo sì rò pé ìbẹ̀rù òrìṣà wà lára ohun tó jẹ́ kí apá kan ilẹ̀ yẹn ṣì wà ní igbó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ká ní gbogbo rẹ̀ ti di ilé alájà mẹ́ta láti ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn ni, kí ni Babalola ìbá gbẹ́? Kristẹni ni mí, n kì í bọ Olókun. Mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó bọ ọ́, torí wọ́n bá wa pa ẹ̀rí mọ́. Nígbà tí ìyá kan nínú ìjọ fẹ́ sun ṣẹ̀gi ìyá-ìyá rẹ̀ níná pé ohun òrìṣà ni, ohun tí mo sọ fún un ni pé iṣẹ́ ọwọ́ èèyàn ló fẹ́ sun, èèyàn tí Ọlọ́run fún lọ́gbọ́n. Ó gbé e padà sílé.

Ẹ̀rí èké kì í ti ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo wá, mo gbọ́dọ̀ sọ èyí náà. Láti ìgbà tí ìròyìn Igbó Olókun ti tàn kálẹ̀, gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ aró ló ti di ti Ifẹ̀ lẹ́nu àwọn èèyàn wa. Wọ́n á gbé èyí tí ilà irin wà lára rẹ̀ gbangba wá, wọ́n á ní láti ìgbà Odùduwà ni. Mo mọ ohun tó ń mú wọn sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọ́n ti fi ohun ìní rẹ̀ dù fún ọgọ́rùn-ún ọdún kì í fẹ́ fi ohunkóhun sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá dá a padà. Ṣùgbọ́n èèyàn ló ṣe ti Bòhímíà náà. Ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ tálákà tó ń ṣiṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ nínú ilé wọn pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn. Ní Venice láyé àtijọ́, àwọn obìnrin ló ń sín ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ sí okùn fún owó táṣẹ́rẹ́, wọ́n á jókòó síwájú ilé pẹ̀lú àwo igi lórí itan, wọ́n á máa fi abẹ́rẹ́ gígùn gún inú rẹ̀. Mo rí àwòrán wọn nígbà kan, ìyá mi ni mo rí. Adé onílẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ tí àwọn àgbà oníṣẹ́ Ẹ̀fọ̀n-Alààyè ń ṣe, ọ̀pọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ ara rẹ̀ gba ọwọ́ irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Adé náà jẹ́ ti Ẹ̀fọ̀n, tọkàntọkàn. Ìlẹ̀kẹ̀ jẹ́ ti ẹlòmíràn. Àwọn Masagá ní Bídà ńkọ́, àwọn oníṣẹ́ gíláàsì ilẹ̀ Nupe, tí wọ́n yọ́ gíláàsì dúdú tiwọn láti inú ilẹ̀ tiwọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í lo ìgò? Iṣẹ́ wọn náà wà nínú igbá ìyá mi, àwọn èèyàn sì ń fi Ifẹ̀ pè é. Bí mo bá gba iṣẹ́ ará Bídà fún ará Ifẹ̀, mo ti di Frobenius kékeré.

Nítorí náà ni mo ṣe máa ń ṣọ́ ẹnu mi. Èyí tí ojú mi tó, mo sọ ọ́. Èyí tó kù fún ẹ̀rọ, mo ní ó kù fún ẹ̀rọ. Àwọn kan ń bínú pé mi ò fún wọn ní ọ̀rọ̀ kan gbòógì.

Ní ìparí ọdún tó kọjá, ọkùnrin kan tó ń gbé ní London gbé okùn ìlẹ̀kẹ̀ ìyá-ìyá rẹ̀ wá. Ọ̀pọ̀ inú rẹ̀ jẹ́ Bòhímíà, ó rọrùn láti mọ̀. Ti Krobo díẹ̀ wà láàárín wọn. Mẹ́ta wà tí mo gbé sí oòrùn tí ọkàn mi sì sáré: aró lórí aṣọ, àwọ̀ ewé nínú ìmọ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ inú wọn nà tẹ̀lé ihò, ẹnu wọn ti jẹ gan-an nítorí okùn tó ti gba ibẹ̀ fún ìran ìran. Inú rẹ̀ dùn nígbà tí mo sọ fún un. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní òun ti rí ẹni tó fẹ́ rà á, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ Ilé-Ifẹ̀ bá wọ inú ìwé, wàhálà ni, torí òfin ọdún 1979 lórí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kò gbà kí wọ́n gbé irú rẹ̀ jáde ní Nàìjíríà láìgba ìwé àṣẹ. Ó ní Venice kò ní wàhálà, owó rẹ̀ sì dára. "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ ṣáà bá mi kọ Venice sí i. Ta ló máa mọ̀?"

Mo ní, "Ọmọ mi, èmi mọ̀, ìwọ náà sì ti mọ̀ báyìí." Mo kọ ìwé náà lójú rẹ̀. Fún mẹ́ta yẹn, ohun tí mo kọ ni pé gíláàsì wọn jọ irú èyí tí wọ́n yọ́ ní Ilé-Ifẹ̀, pé ó kù kí wọ́n fi ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò kó tó dájú. Ní ibi tí a ti ń kọ orúkọ ẹni tó ṣe é, n kò kọ pé a kò mọ̀ ọ́n. Mo kọ pé ó lè jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn oníṣẹ́ gíláàsì Ilé-Ifẹ̀ tí orúkọ wọn kò dé ọwọ́ wa. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ká a, ó tì í sápò, ó ní òun á rò ó wò. Mo sọ fún un pé kó rò ó dáadáa, pé ẹ̀dà rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi pẹ̀lú fọ́tò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àti pé bí ẹni tó fẹ́ rà á bá béèrè lọ́wọ́ mi, ohun tó wà nínú ìwé yẹn ni màá sọ fún un.